Ọkọ Tí Kò Jẹ́ Orúkọ Ilé Wa

Mo ti tan tùràrí síwájú àwọn baba ńlá mi. Mo ti pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, mo ti tọrọ ẹnu lọ́wọ́ wọn. Kí ahọ́n mi má gbé mi ṣubú. Kí n má purọ́ mọ́ òkú, kí n má sì fi alààyè ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn tó fẹ́ràn àwòrán Iwase Teiji máa ń wá bá mi nílé, báyìí tó ti di ẹni ilẹ̀. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á béèrè ọdún tó ya èyí, ọdún tó gbẹ́ tọ̀hún, irú igi tó lò. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bí mo ṣe di ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ Kusumi ni mí. Tomi lorúkọ mi, Kyoto ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi, Kusumi Genzo, ni ìran karùn-ún àwọn agbẹ́pátákó ilé wa, àwọn tó ń gbẹ́ àwòrán sára igi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bí àwọn atẹ̀wòrán bá ti mu ọtí sake díẹ̀ sára, wọn a máa kì í pé:

Kusumi, a-fọ̀bẹ-yarun-bí-òòyà,
Ó gbẹ́ òjò, ẹni tó ń wò ó fa aṣọ borí,
Ó gbẹ́ òjò dídì, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ń gan.
Ọkọ igi sakura,
Igi le, Kusumi le jù ú lọ.

Irun ni iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jù, irun tín-ín-tín iwájú orí obìnrin, níbi tí irun ti ń pàdé awọ. Ọmọṣẹ́ kì í fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá nìkan ló ń gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Shinkichi, kú ikọ́ àyà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Èmi nìkan ló kù. Láti ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé èmi kọ́ ni màá lọ sílé ọkọ, ọkọ ni yóò wá sílé mi. Yóò bọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni bọ́ bàtà, yóò wọlé, yóò sì di Kusumi. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Èmi ni wọ́n máa fi mú ẹni tí yóò rọ́pò Shinkichi wálé.

Ọdún kejì tí ilẹ̀ mì, tí iná sì jó Tokyo, ni Teiji wọ ilé wa. Ìgbà tí ewé ń pọ́n ni. Ó wọ aṣọ kimono òwú tó ti ṣá, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ìloro.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé ẹ ní pátákó sakura tó ti gbó, tẹ́ ẹ ò lò mọ́. Tèmi jó mọ́ ilé ní Tokyo."

Bàbá mi ò gbójú sókè lórí ohun tó ń gbẹ́. "Ta ló ya ohun tó o fẹ́ gbẹ́?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"Ẹni tó máa gbẹ́ ẹ kọ́ ni mò ń bi ọ́. Ẹni tó yà á ni."

"Èmi náà ni."

"Ta ló máa wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà?"

"Èmi náà ni, ọ̀gá."

Bàbá mi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Tomi! Tomi o! Sáré wá wo ẹni tó bí ara rẹ̀, tó gbẹ̀bí ara rẹ̀, tó tún sọ ara rẹ̀ lórúkọ!"

Àwọn ọmọṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn. Ó ní, "Ó ku kí n sin ara mi, ọ̀gá." Mo rí bàbá mi tó gbé ife tíì sókè kíákíá kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín lẹ́nu tirẹ̀.

Ó fún un ní pátákó méjì. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wàásù fún un. "Ẹnì kan ń yà á, ẹnì kan ń gbẹ́ ẹ, ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá ní òun ló máa ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní rí ọ̀kan ṣe dáadáa. Gbé igi, máa lọ."

Èmi ni mo bá a di igi náà. Ó fa àwòrán kan yọ lápò ara rẹ̀ fún mi wò, ọkọ̀ apẹja létí òkun ìlú rẹ̀. Mo wò ó, mi ò lè pa ẹnu mọ́.

"Bébà yín gbẹ jù."

"Ẹ ṣe mọ̀?"

"Iṣẹ́ mi nílé yìí ni kí n máa rẹ bébà. Ẹ wo àwọ̀ aró yìí, ó ti sá jáde lára ọkọ̀. Ẹ rẹ bébà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi pákó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí omi tàn káàkiri. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa fẹ̀, á máa súnkì, àwọ̀ kejì ò ní bá tàkọ́kọ́ níbi tó wà. Àbí ẹ̀yin náà lẹ tún ń rẹ bébà yín ni?"

"Mi ò rẹ ẹ́ rárá," ló wí, ojú sì tì í.

"Ó hàn."

Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wa ṣe lọ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn.

Lẹ́yìn èyí, kò sí oṣù tí kò wá. Ó máa ń ní igi lòun ń wá. Màmá mi, Yae, máa ń wo iye igi tó ń gbé lọ, á mirí. "Ṣé ilé lọmọkùnrin yìí ń kọ́ ni?" Teiji ò kọ lẹ́tà sí mi rí. Àwòrán pélébé ló máa ń fi sáàárín pátákó tó bá dá padà. Ọ̀kan jẹ́ agbada omi tí mo fi ń rẹ bébà, pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ tí mo fi kọ́ etí rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó tẹrí ba. Mo mọ ọrùn náà. Mo kó wọn pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí ìránṣọ. Màmá rí wọn.

"Bébà ò ṣe é jẹ o, Tomi."

"Mi ò jẹ ẹ́, Màmá."

"Ojú lo fi ń jẹ ẹ́. O ti ń rù."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kọjá ohun tí a lè fi àpótí bò, Màmá ránṣẹ́ sí Ìyá Haruno, opó tó ń ta búrọ́ọ̀ṣì ní òpin àdúgbò. Alárinà ni. Ó ju ogójì ìgbéyàwó lọ tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ so, ó sì máa ń sọ pé méjì péré ló tú. Ó wá jókòó síwájú bàbá mi.

"Ọ̀gá Genzo, ẹyẹ kan ń bà sórí òrùlé yín lóṣooṣù, ṣé ẹ ò rí i?"

"Kí ló ń wá?"

"Ó ní igi ni."

"Kó máa lọ sínú igbó."

"Ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀, etí yín ò tíì di. Ọmọkùnrin kejì ni nílé bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jogún ilé. Kò sóhun tó dè é. Ó lè wọlé yín wá."

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bébà, mo fi etí lé e.

"Ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́," ni bàbá mi wí níkẹyìn. "Ó lè wá. Yóò jẹ́ Kusumi. Yóò jókòó níbi tí Shinkichi ń jókòó, yóò gbẹ́ pátákó fún ọdún kan kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìdílé. Ṣùgbọ́n agbẹ́pátákó ni ilé yìí. Ohun tí ẹlòmíì yà ni yóò máa gbẹ́. Kò gbọdọ̀ ya ohunkóhun mọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi gbó."

"Ọ̀gá, ẹ sọ fún ẹyẹ pé kó wá, ẹ ní kó gé ìyẹ́."

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé mi nìyí."

Ìyá Haruno gbé iṣẹ́ náà lọ, ó gbé èsì padà lọ́jọ́ kejì. Teiji ní òun gbà.

Mo jẹ́wọ́: mo yọ̀. Mo jó nínú yàrá bí ọmọdé. Mi ò ronú ohun tó gbà, bó ṣe gbà nìkan ni mo rò.

Ó wá, ó jókòó níbi tí Shinkichi ń jókòó. Ó ń gbẹ́ aṣọ àwọn òṣèré, ó ń gbẹ́ igi tí ẹlòmíì yà. Bàbá mi ò sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Kò sì sọ pé kò dára, ìyẹn sì ni ìyìn tó ga jù lẹ́nu rẹ̀. Nídìí oúnjẹ, mo máa ń wò ó. Bí èéfín ọbẹ̀ miso bá ń gòkè, ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ á máa rìn lórí orúnkún, á tẹ̀lé èéfín náà, á yí, á sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa rántí, á di ìkúùkù. Ó ń yà á láìmọ̀. Lójoojúmọ́ ni.

Nígbà tí òjò dídì bẹ̀rẹ̀, mo wo orúnkún rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ìka náà ò mira. Mo wò ó lọ́jọ́ kejì. Mo wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń jẹun, ó ń dáhùn tí wọ́n bá pè é, ó tiẹ̀ ń dápàárá. Ìka ò mira.

Mo lọ síwájú pẹpẹ. Mo ní, ẹ̀yin baba ńlá, ẹ̀yin lẹ ni orúkọ yìí. Ṣé ẹ fẹ́ ọmọ tó jẹ́ orúkọ yín, tí nǹkan kan sì ti kú nínú rẹ̀? Shinkichi, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ibi tó o jókòó sí lo fẹ́ kó kú sí? Mo gbọ́ bí iná ṣe ń jó orí àbẹ́là. Mo bi ara mi bóyá ìfẹ́ ni tàbí ìgbéraga, kí n máa rò pé mo mọ ohun tó dára fún àgbàlagbà ọkùnrin jù ú lọ. Títí dòní, ìbéèrè yẹn ò tíì tán nínú mi.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, mo lọ bá Ìyá Haruno.

"Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ló ṣe ọ́?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Kí ni kí n wá wí fún un?"

"Ẹ ní mi ò lè bá ẹni tí ara rẹ̀ ń rùn tàdáwà gbé."

"Nínú ilé tí gbogbo yín ti ń rùn tàdáwà? Ọmọ mi, irọ́ yìí ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi rìn dé ẹnu ọ̀nà."

Ṣùgbọ́n ó gbé e lọ. Teiji bá mi lẹ́bàá kànga. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Tomi, ṣé lóòótọ́ lo kọ̀ mí?"

"Mo kọ̀ yín."

"Wò mí lójú kó o tún un sọ."

Mo wò ó lójú. Bí mo bá sọ ìdí rẹ̀, kò ní lọ. Á ní òun lè fara dà á, á sì fara dà á títí ayé. "Mo kọ̀ yín, Iwase. Ẹ máa lọ sí Tokyo."

Ó tẹrí ba, orí rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, bí a ṣe ń tẹrí ba fún ilé tó ti ṣe wá lóore. Ó lọ. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún fi yí po.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Wọ́n mú ọkọ méjì wá, mo kọ méjèèjì, àwọn èèyàn sì sọ mí di "omidan tó ń kọ ọkùnrin." Ìyá Haruno ló máa ń mú ìròyìn wá, bí ẹni tí ò mọ̀ pé mo ń dúró dè é. "Wọ́n kọ́ àwòrán rẹ̀ sí gbọ̀ngàn ńlá ní Tokyo." "Kò tíì fẹ́yàwó o. Pátákó ló kún ilé rẹ̀." Lọ́jọ́ kan, mo rí ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan: òkun ìlú rẹ̀ nígbà òtútù. Àwọ̀ aró jókòó síbi tó yẹ. Mo dúró síbẹ̀ títí oníṣọ́ọ̀bù fi jáde wá bi mí bóyá ara mi ò yá.

Àwòrán tí arúgbó ayàwòrán kan ya nípa ìyá rẹ̀ ló wá fọ́ ilé wa. Okabe lorúkọ ẹni tó yà á, àgbàlagbà tí bàbá mi ti ń gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún ogójì ọdún. Kó tó kú, ó ya ìyá rẹ̀ nígbà tí ìyẹn wà lọ́mọge, níwájú dígí. Ìyẹn ni àwòrán tó yà kẹ́yìn. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ojú rẹ̀ sísàlẹ̀, bí a ti ń ṣe. Bí ọ̀bẹ bá ti ń gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni bébà ń ya dànù. Bí iṣẹ́ bá parí, pátákó nìkan ló kù.

Mò ń rẹ bébà nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀bẹ bàbá mi dúró. Ọ̀bẹ rẹ̀ kì í dúró bẹ́ẹ̀.

Kùrukùru ti bo ojú ọ̀tún rẹ̀ láti ọdún méjì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti gbẹ́ irun iwájú orí náà dànù, ó tó bí èékánná àtàǹpàkò. Ó jókòó, ó ń fi ìka wá ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ṣebí a lè gbẹ́ ihò síbẹ̀, ká fi èèkàn igi dí i," ni mo wí.

"Mo lè dí ihò. Mo ti dí ẹgbẹ̀rún ihò." Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Irun wo ni màá gbẹ́ sórí igi náà? Bébà ti ya. Ẹni tó yà á ti kú. Ta ni yóò yà á fún mi? Agbẹ́pátákó ni mí, Tomi. Mi ò mọ àwòrán yà. Kò sẹ́nì kan nínú ilé yìí tó mọ̀ ọ́n."

Ó di àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ sínú aṣọ. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn àti lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun á lọ sọ fún ẹni tó gbé iṣẹ́ náà wá pé òun ti ba àwòrán òkú jẹ́, pé ilé Kusumi ti parí.

Mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí Teiji láyé mi. "Bàbá mi gbẹ́ irun dànù. Ẹni tó yà á ti kú. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè yín. Ẹ má wá nítorí tèmi."

Ọjọ́ kẹta ló ti ibùdókọ̀ ojú irin wá tààrà, àpò irinṣẹ́ ní èjìká, irun funfun díẹ̀ létí. Bàbá mi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ìloro.

"Ta ló pè ọ́?"

"Pátákó ni, ọ̀gá."

"Ó kù díẹ̀ kó o ní òkú ló pè ọ́. Wọlé."

Teiji ò kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ. Ó ní kí a kó gbogbo àwòrán Okabe tó wà nílé jáde, iṣẹ́ ogójì ọdún. Wọ́n tẹ́ wọn káàkiri orí ẹní. Bàbá mi ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rántí. Ó ń sọ ọ́, Teiji ń yà á sórí bébà àlòkù.

"Rárá. Okabe kì í bẹ̀rẹ̀ rọra. Ó máa ń tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, á wá tú ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé."

"Báyìí, ọ̀gá?"

"Ìyẹn ni tìrẹ. Tìrẹ dára, mi ò fẹ́ ẹ. Tirẹ̀ ni mo fẹ́."

"Báyìí ńkọ́?"

Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá mi fi imú sún mọ́ bébà kan. "Òun nìyẹn," ló wí. "Ọlọ́run ń gbọ́, òun nìyẹn."

Teiji fi èèkàn igi dí ihò náà, ó fá a kó bá pátákó dọ́gba. Ó ya irun náà ní òdì sórí igi, nítorí ohun tó bá wà lósì lára pátákó, ọ̀tún ló ń bọ́ sí lórí bébà. Ó sì gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo rẹ bébà. Nígbà tí wọ́n ṣí àwòrán náà kúrò lórí pátákó, ọmọge náà ń wo dígí, irun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí irun ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi fi èékánná wá ojú àlẹ̀mọ́ náà lára pátákó. Kò rí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ àtàtà rẹ̀, ó gbé àwòrán lọ fún ẹni tó ni iṣẹ́, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé irun yìí kì í ṣe tòun, Iwase Teiji ló yà á, òun náà ló gbẹ́ ẹ.

Nígbà tó dé, Teiji ti ń di àpò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ ọmọ, mo ṣe tán láti jẹ́ Kusumi."

"Rárá!" Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé mo ti wọ yàrá. "Ìka rẹ̀, Bàbá. Lọ́dún yẹn, ó máa ń ya èéfín ọbẹ̀ lórí orúnkún nídìí oúnjẹ. Nígbà tó yá, ó ṣíwọ́. Mo rí i tó ṣíwọ́. Ìdí nìyẹn. Kò sí ìdí mìíràn rí."

Teiji wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án.

"Ọdún mẹ́jọ," ni bàbá mi wí. "O ò lè sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, Bàbá."

Màmá gbé tíì wá, tíì tutù. Níkẹyìn ni bàbá mi kọjú síbi tí Teiji wà.

"Ìran márùn-ún ti tó iṣẹ́ ṣe. Má jẹ́ orúkọ mi. Máa jẹ́ tìrẹ. Ọmọ ni kó o mú lọ. Yae, ránṣẹ́ sí Ìyá Haruno, kó wá so ó bó ṣe yẹ, kó má bàa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó máa tú."

Nílẹ̀ wa, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, wọn a máa fọ́ abọ́ tó fi ń jẹ ìrẹsì mọ́ òkúta ẹnu ọ̀nà, kó má bàa padà wá jẹun níbẹ̀ mọ́. Màmá mi ò ronú rí pé irú rẹ̀ á ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Abọ́ ọmọ tó ń jogún ilé, wọn kì í fọ́ ọ. Nígbà tí mo jáde nínú aṣọ funfun, ó gbé abọ́ náà lọ́wọ́, kò lè sọ ọ́.

Bàbá mi fi ọwọ́ tọ òpó jáde. Ó gba abọ́ náà, ó fi ìka tọ́ etí rẹ̀ wò.

"Ṣé tìrẹ nìyí? Kì í ṣe ti Shinkichi?"

"Tèmi ni, Bàbá."

Ó sọ ọ́ mọ́ òkúta. Abọ́ náà ò fọ́. Ó fò, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ igbó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ìyá Haruno mí kanlẹ̀. Bàbá mi, Kusumi Genzo, kúnlẹ̀ nínú aṣọ àtàtà rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì táràrà nínú ewé. Teiji sún síwájú láti ràn án lọ́wọ́.

"Má fọwọ́ kàn án," ni bàbá mi wí. "Iṣẹ́ mi ni."

Ó rí i. Ó dìde, ó wá òkúta náà pẹ̀lú àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó gbé abọ́ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó fọ́ wẹ́wẹ́.

"Máa lọ," ló wí. "Má wẹ̀yìn."

Mi ò wẹ̀yìn.